Ìwé Ikú Ìgbín

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ olórí ọ̀dọ́ dùn, ẹ bá mi gbá a létí. Láti aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti ń tò sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mi. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ ni ọ́fíìsì náà, yàrá òkè pátápátá, níbi tí òjò ti ń jò sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí a kó ìwé sí. Ẹnìkan fẹ́ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ọ̀gá wẹ́dà ní ojú rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹnìkan lu àbúrò rẹ̀ nítorí bàtà. Ẹnìkan kò tilẹ̀ mọ ohun tó wá ṣe, ó ṣáà rí èrò, ó bá wọn tò. Èmi ni màá dá gbogbo wọn lóhùn, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo sì lo mẹ́ta nínú rẹ̀ nínú igbó tòun ti ìbọn.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí mo wọ igbó. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi lọ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Wọ́n sun àdúgbò wa, inú bí mi, mo tẹ̀lé àwọn tí inú ń bí. Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gágun wa ṣe ni pé ó gba orúkọ lẹ́nu wa. Ó ní ẹni tó bá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ yóò jẹ ẹgba méjìlá, ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò dí etí yóò jẹ méjìlá tirẹ̀. Ìdí ni pé bí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ ẹnìkan, kò lè jẹ́wọ́ ohun tí kò mọ̀, wọn kò sì ní rí ilé tí wọn yóò lọ sun. Ó wá sọ kálukú lórúkọ tuntun. Èmi tí n kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lójúmọ́, ó ní Aláròyé ni kí n máa jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń dákú bó bá ti rí ẹ̀jẹ̀, ó sọ ọ́ ní Dókítà. Gbogbo ibùdó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwa méjì nìkan ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní àpò kan àti ìwé ẹ̀rí kan, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ilé wo? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá fún mi láàárín ìlú bí ẹni ń sá fún ajá dìgbòlugi. N kò mọṣẹ́ kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó gọ́tà, èmi nìkan, nítorí n kò fẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ẹnìkan gbé ṣọ́bìrì, ó dara pọ̀ mọ́ mi. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, a ti di ogójì. Bí mo ṣe di olórí ọ̀dọ́ nìyẹn, gọ́tà ló fi mí joyè. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn mi ni tàbí wọ́n ń bẹ̀rù mi, bí wọ́n bá sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi, mo máa ń wo ẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú òfin ẹgbẹ́, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyá. Ìjọba ṣe fọ́ọ̀mù kan: ìyá tí ọmọ rẹ̀ wọ igbó tí kò padà lè gba ìwé ikú, bí ẹnìkan tó wà níbẹ̀ bá ti lè fọwọ́ sí i pé, "Mo fi ojú mi rí i." Èmi ni wọ́n máa ń wá bá. Ìyá á mú orúkọ ilé wá, èmi á mú orúkọ igbó jáde, a ó wá jókòó máa fi wọ́n wéra. Ṣé ó ga ni? Ṣé ó máa ń hanrun? Ṣé ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun? Mọ́kànlá ni mo ti fọwọ́ sí. Mẹ́wàá nínú wọn, mo mọ̀ wọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n wọ igbó títí di ọjọ́ tí a sin wọ́n. Ẹni kọkànlá ni Ìgbín.

Oṣù méjì péré ni mo fi mọ Ìgbín. Irin bọ́ǹbù ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ ya kí wọ́n tó gbé e wá bá mi. Wọ́n fi àwa méjèèjì pa mọ́ sínú ilé kan tí wọ́n ti ń sun bíríkì tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ kí n sì máa ṣọ́ ọ̀nà. Ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ tuurutu nílẹ̀. Bó bá fẹ́ ti ibi ògiri dé ẹnu ọ̀nà, mo lè sùn kí n jí kó tó débẹ̀. Mo ní ẹni tó sọ ọmọ yìí ní Ìgbín mọ orúkọ í sọ. Orí itan mi ló kú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Aránṣọ gun àtẹ̀gùn wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kò gba àkókò. Òun ló ń rán aṣọ ilé-ìwé ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa. Ó ní, "Ọmọ mi ò yára rárá. Bí mo bá ní kó lọ pọnmi, á dalẹ́. Bí ìgbín ló ń rìn." Ṣé ẹ rí i, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Mo fọwọ́ sí i. Ó kan àpótí kékeré kan, ó rán aṣọ ilé-ìwé kan, ó fi sínú rẹ̀, ó sin ín. Láti ọjọ́ náà òun ló ń rán ẹ̀wù mi. Ó máa ń pè mí ní "ẹni tó rí ọmọ mi kẹ́yìn," inú mi á dùn, ojú á sì tún tì mí, n kò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni Tíṣà dé.

Kò tò. Ó ní kí àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn sún, wọ́n sì sún, nítorí òun ló kọ́ ìdajì wọn níwèé. Obìnrin tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, bàtà rẹ̀ ń dán, òwú dúdú ni ó fi so apá kan awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ ni Aláròyé?"

"Èmi ni, mà."

"Ó bá ẹ mu. Mo gbọ́ ohùn ẹ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ Sátidé, o ò tiẹ̀ mí."

Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù kan síwájú mi. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ló ti kọ tán, ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń tijú èyí tí mo ti kọ sára ògiri. Ìlà kan ló ṣófo: Iye ọmọ tó wà láyé.

"Ọmọ kan ni mo bí," ó wí. "Mo fi ìlà yẹn sílẹ̀, wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Mo tún fi í sílẹ̀, wọ́n tún dá a padà. Akọ̀wé ní kí n kọ oókan tàbí kí n kọ òdo, kí n yé fi àwọn ṣeré. Ọdún mẹ́wàá rèé tí ọmọ mi ti wọ igbó. Èwo ni kí n kọ?"

Ó fún mi ní fọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó gbé ife ẹ̀yẹ dání, ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú tán. Mo mọ ìpéǹpéjú yẹn. Oṣù méjì ni mo fi wò ó.

"Eré sísá ló fi gba ife yẹn," Tíṣà wí. "Ọdún mẹ́ta léra. Bí mo bá rán an níṣẹ́, kí n tó pa ẹnu dé, ó ti dé."

Ara mi balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sáré kẹ̀? Ìgbín? Kò lè jẹ́ òun. Mo tún wo fọ́tò, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ní, "Mà, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì." Ó wò mí bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó sì lọ.

Mo ní kí àwọn èrò máa lọ sílé. Mo gba ọ̀dọ̀ Dókítà lọ. Agẹrun ni Dókítà báyìí, ó sì mọṣẹ́, àfi pé bí kílípà bá ha oníbàárà lára díẹ̀, ńṣe ni yóò kọ ojú sí ògiri, oníbàárà ni yóò nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń gẹ orí fún bàbá awakọ̀ kan.

"Dókítà, báwo ni Ìgbín ṣe máa ń rìn?"

"Ìgbín wo?"

"Ìgbín tiwa. Nínú igbó."

"Rìn kẹ̀? Ìgbín kì í rìn. Eré ló máa ń sá. Ìwọ ti lọ sí ibùdó kejì nígbà yẹn, o ò rí i. Ṣé kì í ṣe òun ló ń gbé ìròyìn láti ibùdó kan dé òmíì ni? Bí a bá rán an, a kì í tíì pọnmi tán tó fi máa dé. Àfi ìgbà tí irin yẹn ṣá a lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn tó ti lo ọdún kan gbáko."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìgbín?"

Dókítà pa kílípà. "Kí ló dé tí wọ́n fi sọ èmi ní Dókítà?"

Mo wá ibi tí mo lè jókòó sí. Gbogbo wa ni Ọ̀gágun sọ lórúkọ òdì, kí amí tó bá gbọ́ orúkọ lè máa wá ẹni tí kò sí. Gbogbo wa pátá! Èmi tí mo ń jẹ́ Aláròyé, tí mo bá Dókítà sùn lórí ẹní kan náà, n kò ronú kàn án. Mo bínú sí ara mi débi pé mo fẹ́ fi orí gbá dígí. Mo ti gba ọmọ Tíṣà, mo ti gbé e fún Ìyá Aránṣọ sin. Ọmọ Ìyá Aránṣọ ńkọ́? Ta ni í ṣe? Ọmọ tí kì í yára, bó bá wọ igbó, wọn á sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù tàbí Mànàmáná, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá ibùdó míì ló wà. Bóyá ó kú. Bóyá ó ń ta búrẹ́dì ní ìlú kan báyìí.

"Gbọ́," Dókítà wí, ó ń gbọn irun kúrò lọ́rùn bàbá awakọ̀. "Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sùn. Sọ fún Tíṣà pé o ò mọ ọmọ ẹ̀. Ìyá Aránṣọ ti sunkún tiẹ̀ tán. Ṣé o fẹ́ lọ hú òkú tí ò sí nínú sàréè ni?"

"Tíṣà ńkọ́? Ṣé kó máa wò bẹ́ẹ̀ títí ni?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ kú sàn ju ọmọ nù. Ọ̀kan ti rí òkú sin. O wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?"

Bàbá awakọ̀ tí a kò bi léèrè ní òtítọ́ ni. Ìgbà tó tún yá, ó ní irọ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì yẹn, bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Bí mo bá ní màá sọ ọ́, màá rí Ìyá Aránṣọ níbi tó ti ń wọn apá ẹ̀wù mi. Bí mo bá ní n kò ní sọ ọ́, màá rí ìlà tó ṣófo. Ẹ̀rù kejì tún wà tí n kò lè sọ fún Dókítà: bí mo bá jẹ́wọ́ pé mo ṣi òkú gbé fún ènìyàn, ta ni yóò tún gba ohùn mi gbọ́ nílùú yìí? Orí mi dàrú. Ní ìpàdé, mo yan àwọn ènìyàn kan náà sí iṣẹ́ ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta mo ranṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: orúkọ òdì, ẹsẹ̀ Ìgbín, ohun tí Dókítà sọ, fọ́tò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Aránṣọ. Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù. Ọmọ tí mo ní kẹ́ ẹ sin, kì í ṣe tiyín. Ọmọ Tíṣà ni." Mo ń retí kí ó gbá mi. Mo fẹ́ kó gbá mi.

Ìyá Aránṣọ gba fọ́tò náà. Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé.

"Òun nìyí!" ó pariwo. "Òun gan-an nìyí! Ẹ wo ojú ẹ̀! Ìgbín nìyí o!"

Kò rí Ìgbín sójú rí. Mo gbé orí sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ni ó ń rín. Ó yíjú sí Tíṣà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ mà kú ìrọ́jú ọmọ. Ọmọ dáadáa ni, èmi ni mo ti ń bá yín tọ́jú sàréè rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta yìí."

"Ta lò ń kí?" Tíṣà wí. "Ọmọ ta ló kú?"

"Ọmọ yín ni, mà. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ ni?"

"Mo gbọ́. Ìwọ lo sin ín, ìwọ lo ni ín. Ìwé ikú wà lọ́wọ́ ẹ, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀, ọmọ mélòó ni mo kọ́ ní kíláàsì tí ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀? Irin ṣá ọmọ lẹ́sẹ̀, ọmọ ń wọ́lẹ̀. Ọmọ tèmi kì í wọ́lẹ̀. Eré ló ń sá."

"Tèmi ò sá eré rí láyé ẹ̀! Tí wọ́n bá ní ẹni tó ń sáré ló kú, kì í ṣe tèmi!"

Bí wọ́n ṣe ń tì í síra wọn nìyẹn. Mo ti múra fún ìjà, èyí tí mo múra fún kọ́ nìyí. Mo rò pé wọn yóò du òkú náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo wá pa òwe Dókítà. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, àwọn àgbà ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù." Ìyá Aránṣọ yíjú sí mi bí ẹni tí mo gún lábẹ́rẹ́.

"Ẹni tó pa òwe yẹn, ọmọ ẹ̀ ò nù rí."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ohùn tó fi ń pe ọmọ jáde síwájú pátákó ló fi pè mí. "Dìde. Orí itan ẹ ló kú sí. Kí ló sọ kó tó kú? Kò dárúkọ ara ẹ̀ fún ẹ ni?"

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Nínú mọ́kànlá tí mo fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo lè purọ́. Mo dìde dúró, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní ibà ti mú un láti òru. Mo ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó la ojú sí mi, ó ní, "Aláròyé, orúkọ mi ni..." Mo ní òfin ló jẹ́, àwọn ọ̀tá sì ń kọjá ní ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀, a ń gbọ́ ìró bàtà wọn. Mo ní mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"O fọwọ́ bo ẹnu ẹ̀," Tíṣà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó dákẹ́, mà."

Ó ronú sí i. Mo rí i tí ejìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Kì í ṣe ọmọ mi nìyẹn," ó wí. "Ọmọ mi ì bá ti bù ẹ́ lọ́wọ́ jẹ."

"Tèmi náà ì bá ti bù ú jẹ!" Ìyá Aránṣọ wí kíá. "Kì í yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀ mú!"

Tíṣà mú bírò orí tábìlì mi, ó kọ oókan sí ìlà tó ṣófo náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. Ìyá Aránṣọ mú ìwé ikú jáde nínú àpò rẹ̀, ó ya á sí mẹ́rin, ó kó o síwájú mi jẹ́jẹ́, ó ní kí n má bínú sí ara mi, pé kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n jọ jáde. Mo gbọ́ wọn lórí àtẹ̀gùn, apá ọ̀kan wà lọ́wọ́ èkejì, wọ́n ń fi ọmọ wéra: èyí yóò ti ga tó báyìí, ìyẹn yóò ti hu irùngbọ̀n. Inú wọn dùn. Èmi ni mo fún wọn ní ayọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀ bóyá oore ni mo ṣe wọ́n tàbí ìkà.

Mo jókòó ti ìwé tó ya. Ìgbín kò ní ìyá mọ́. Ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ó ní méjì. Ẹkún gbọ̀n mí, n kò bò ó mọ́ra, àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún wọn. Ìgbín kò bù mí jẹ lóòótọ́, kò sí agbára lára rẹ̀. Ó ń pe orúkọ náà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, ètè rẹ̀ gbóná, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè, ìró bàtà wọn sì ń sún mọ́ wa, mo sì ń fi ọwọ́ náà tẹ ẹnu rẹ̀ sí i títí ó fi dákẹ́. Lórí fọ́ọ̀mù ìwé ikú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó pa á, ẹsẹ̀ ni mo kọ. N kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni.